Owó Ìwádìí Ni Ó Yẹ Kó Ṣáájú Owó Sẹ́ńsọ̀

Kò sí ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní ilẹ̀ wa lónìí, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn mesì ọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé, ìbáà jẹ́ ní Abẹ́òkúta lábẹ́ Olúmọ, ìbáà sì jẹ́ ní Èkó arómisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, tí ọjọ́ kan kò ní í dé tí iná kékeré aláwọ̀ yẹ́lò kan yóò ṣàdédé tàn níwájú rẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ọkọ̀ mìíràn, àwòrán ọkọ̀ tí ìlà wíwọ́ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò rí. Nínú òmíràn, TRAC OFF tàbí VSC ni wọn yóò kọ síbẹ̀. Òjò kò rọ̀, ẹrẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà, táyà kankan kò yọ̀, bíréèkì sì ń mú ọkọ̀ dúró bí ó ti ń mú un dúró láti ọjọ́ tí a ti rà á. Síbẹ̀ iná náà tàn, ó kọ̀, kò kú, ọkàn onímọ́tò kò sì balẹ̀ mọ́.

Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ̀. Àwọn kan a ní kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú iná tí kò dá ọkọ̀ dúró, wọn a sì máa wa ọkọ̀ wọn lọ títí iná náà yóò fi di ara ilé. Àwọn yòókù a gbé ọkọ̀ tọ mẹkáníìkì lọ, ẹni tí yóò yọjú wo dáṣíbọ́ọ̀dù, tí yóò mi orí, tí yóò sì wí pé, "Sẹ́ńsọ̀ ni, ọ̀gá. Ẹ mú owó wá kí ọmọ sáré dé ọjà Ládípọ̀." Sẹ́ńsọ̀ yóò dé, wọn yóò fi í sí ipò rẹ̀, iná kò ní í kú, wọn yóò ní ó ku ìkejì, ìkejì yóò dé, iná yóò ṣì wà níbẹ̀, nígbà tí ó bá sì yá, ọ̀rọ̀ yóò kan ẹ̀rọ ABS fúnra rẹ̀, yóò kan brain box, èyíinì ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀, owó oṣù yóò sì ti tán kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé kí ni iná yìí ń sọ gan-an. Èrò mi, tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀wò, ni pé kì í ṣe ogbó ọkọ̀ ni ó ń jẹ wá lówó lórí ọ̀ràn yìí. Ohun tí ó ń jẹ wá lówó ni pé a kì í fẹ́ sanwó fún ìwádìí. Ẹ̀yà ọkọ̀ tí a lè fi ọwọ́ gbá mú nìkan ni owó rẹ̀ ń yá wa lára láti san.

Kí a tó lè mọ ibi tí ìwádìí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí a gbé lé traction control, ẹ̀rọ tí ó ni iná yìí, lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wò ó bóyá táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ń sáré ju àwọn yòókù lọ. Bí ọkọ̀ bá wọ ẹrẹ̀, tàbí tí ó gun ọ̀dà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, tí awakọ̀ sì tẹ̀ ẹ́ níná, táyà kan lè máa yí lásán láìgbé ọkọ̀ kúrò lójú kan. Ẹ̀rọ yìí yóò fún táyà náà ní bíréèkì díẹ̀, tàbí kí ó dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, títí táyà yóò fi di ilẹ̀ mú. Ẹ̀rọ náà kò ní ojú tirẹ̀. Ojú ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà gan nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, ni ó fi ń ríran, èyíinì ni àwọn sẹ́ńsọ̀ tí ó wà nídìí táyà, tí ó sì jẹ́ pé mẹ́rin ni wọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ka bí táyà tirẹ̀ ti ń yára yí tó. Ìdí nìyí tí àbùkù kan ṣoṣo fi ń tan iná méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ó ti wù kí ọgbọ́n yìí ṣàjèjì tó lójú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀, kì í ṣe ti àná. Ní 1971 ni Buick ti Amẹ́ríkà ti gbé ohun tí wọ́n pè ní MaxTrac jáde, tí ó ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá ń yí lásán. Ní 1978 ni ABS ti Bosch wọ inú Mercedes-Benz S-Class ní Jámánì. Ní 1986 ni Bosch gbé traction control lé e lórí. Toyota fi irú rẹ̀ sínú Crown ní 1987. Nígbà tí ó sì di 1995, a tún fi ọgbọ́n mìíràn kún un tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì kúrò lójú ọ̀nà níbi tí ọ̀nà bá ti tẹ̀, èyí tí Toyota ń pè ní VSC. Láti orí ọkọ̀ ọdún 2012, òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n bá sì lò tì níbẹ̀ ni ó ń bọ̀ wá gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá àti Tin Can. Nítorí náà ọ̀ràn iná yìí kò ní í dín kù láàrin wa. Yóò máa pọ̀ sí i ni.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo awakọ̀ há sórí. Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú nígbà tí táyà ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, tí ó sì kú nígbà tí ọkọ̀ jáde sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kò sí àìsàn kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Bí ó bá tàn tí kò ṣẹ́jú, tí kò sì kú, ó ń wí pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ yóò ṣì máa lọ, bíréèkì lásán yóò sì ṣì máa mú, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí òjò bá ká awakọ̀ mọ́ ojú ọ̀nà, kò ní olùrànlọ́wọ́ mọ́. Bí iná ABS àti iná pupa tí a kọ BRAKE sí bá bá a tàn pọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ohun tí a ń fi sílẹ̀ di ọ̀la: epo bíréèkì lè ti jò lọ, ìṣètò tí ń pín agbára bíréèkì láàrin táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn sì lè ti dáwọ́ dúró, kí táyà ẹ̀yìn wá gan lójijì lórí títì tí ó tutù. Igi gangan-ràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tí ó bá rí i bẹ́ẹ̀, kí ó yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó wo ibi tí epo bíréèkì dé kí ó tó ronú àtilọ síwájú.

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Orí dáṣíbọ́ọ̀dù ni iná ti ń tàn, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ọ̀ràn wà, ibi tí ó sì yẹ kí a ti kọ́kọ́ wò ó ni ibi tí kò ní ná wa ní kọ́bọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bọ́tìnnì kan wà nítòsí jíà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn tí a fi ń pa ẹ̀rọ náà. Ọmọ tí ó jókòó níwájú lè ti tẹ̀ ẹ́, àkísà ẹni tí ń nu ọkọ̀ sì lè ti tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀. Táyà ńkọ́? Ẹni tí ó ra táyà tòkunbọ̀ méjì lọ́wọ́ fọkanáísà, tí ìwọ̀n tí a kọ sí wọn lára kò bá ti àwọn méjì yòókù mu, ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn sẹ́ńsọ̀, nítorí táyà kékeré gbọ́dọ̀ yí ju táyà ńlá lọ kí àwọn méjèèjì tó jọ dé ibi kan náà, ẹ̀rọ a sì ka ìyàtọ̀ yìí sí yíyọ̀. Bátìrì tí ó ti rẹ̀ a máa dá irú rògbòdìyàn yìí sílẹ̀ pẹ̀lú. Bí alternator kò bá gbé iná dé nǹkan bí 13.8 sí 14.5 volt nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, riwáyà, ẹni tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tí ó bá sì ní mítà lọ́wọ́ yóò mọ èyí kí omi tó hó. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe alignment, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì ọkọ̀ rẹ̀, tí iná náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn gan-an, kò yẹ kí ó wá ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn: ó lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ tí ń ka ibi tí sítíárìn kọjú sí kò mọ ibi tí àárín wà mọ́, kí a fi síkánà, irinṣẹ́ tí ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, júwe rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí. Swíìṣì tí ń tan iná bíréèkì ẹ̀yìn, lábẹ́ pẹ́dẹ́ẹ̀lì, náà kò gbọ́dọ̀ bọ́ lójú ẹni.

Ọ̀rọ̀ Toyota gbọ́dọ̀ dá dúró díẹ̀, nítorí òun ni ó pọ̀ jù lójú ọ̀nà wa, òun náà sì ni ó ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù lórí ọ̀ràn yìí. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Lexus tí ó ní VSC, bí Highlander ti 2004 sí 2007, bí RX 330, nígbàkúùgbà tí iná check engine bá tàn, ohun yòówù kí ó fà á, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì a pàṣẹ fún VSC kí ó sinmi, nítorí kò dá ara rẹ̀ lójú mọ́ pé òun lè dín agbára ẹ́ńjìnnì kù bí ó ti yẹ. Iná mẹ́ta yóò wá tàn lẹ́ẹ̀kan náà, check engine, VSC àti TRAC OFF, ẹni tí kò mọ̀dí yóò sì ro pé ayé ti bàjẹ́ nídìí táyà, nígbà tí ó jẹ́ pé plọ́ọ̀gì kan ni kò ta iná dáadáa, tàbí pé sẹ́ńsọ̀ tí ń wọn afẹ́fẹ́ tí ń wọ ẹ́ńjìnnì ti dọ̀tí, tàbí pé ọmọ ilé epo kò yí ìdérí táǹkì títí tí yóò fi dún kà-kà-kà. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdérí táǹkì epo! Ọkọ̀ wọ̀nyí a máa ṣọ́ èéfín bẹntiróòlù kí ó má jáde sí afẹ́fẹ́. Bí ìdérí bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀, wọn a mọ̀, wọn a sì tan iná. Ẹni tí ó bá sì tún un dé kò gbọ́dọ̀ retí pé kí iná kú lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ rìn díẹ̀, yóò tún ara rẹ̀ yẹ̀ wò, kí ó tó gbà pé àlàáfíà ti dé. Bí a bá fi síkánà wọ inú kọ̀ǹpútà VSC Toyota, tí ó sì ka kódù C1201 fún wa, ohun tí ó ń wí kò ju pé ẹ́ńjìnnì ni kí a lọ bá, kí a má bá òun jà. Mo mọ ẹni tí wọ́n tú ìdí táyà iwájú ọkọ̀ rẹ̀ méjèèjì palẹ̀ nítorí irú iná bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì gba owó ẹ̀yà tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bi ọkọ̀ náà léèrè ọ̀rọ̀.

Bí kò bá wá jẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí kò jẹ́ táyà, tí kò jẹ́ bátìrì, a ó wá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìdí táyà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n ti ń yàtọ̀ sí agbára. Mo jókòó ní ọgbà mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé kan tí ó ti fẹ̀yìn tì gbé Highlander rẹ̀ dé. Wọ́n ti ní kí ó ra sẹ́ńsọ̀ méjì ní ibòmíràn, ó rà wọ́n, iná kò kú. Riwáyà tí ó gbà á lálejò kò ju ọmọdé lọ lójú mi, kò sì fọwọ́ kan ọkọ̀ náà rárá fún ìgbà díẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá náà, ó sì bi í pé, "Bàbá, ìgbà wo gan-an ni iná yẹn máa ń tàn?"

"Bí mo bá ti fẹ́ yà wọ àdúgbò mi ni," ni bàbá náà wí.

"Apá wo lẹ máa ń yà sí, sà?"

"Ọ̀tún ni."

"Ta ló ṣe ṣọ́kù iwájú fún yín kẹ́yìn?"

Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní lóòótọ́ ni wọ́n pààrọ̀ ṣọ́kù náà láìpẹ́ kí iná tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin náà fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí inú ibi tí táyà òsì wà, ó sì pè wá kí a wá wò ó. Wáyà tín-ín-rín tí ó ti ìdí táyà gòkè wá kò sí nínú ìdè rẹ̀ lára ṣọ́kù. Ẹni tí ó pààrọ̀ ṣọ́kù ti yọ ọ́, kò sì dá a padà. Láti ọjọ́ náà ni táyà ti ń fà á ní gbogbo ìgbà tí sítíárìn bá yí tán sí ọ̀tún, títí rọ́bà ara rẹ̀ fi bó, tí omi òjò sì wọlé, tí bàbà inú rẹ̀ sì ti pa àwọ̀ dà bí ewé. Ó fi ẹnu mítà kan sí ìbẹ̀rẹ̀ wáyà, ó fi ìkejì sí òpin rẹ̀, mítà náà ń dún. Ó fi àtàǹpàkò tẹ wáyà náà síhìn-ín, mítà dákẹ́. Ó tú u sílẹ̀, mítà tún dún. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́, kò sì sí ohun tí ó tún kù láti sọ. Ó gé ibi tí ó ti bàjẹ́ kúrò, ó fi òjé jó o pọ̀, ó fi rọ́bà wé e mọ́lẹ̀ kí omi má tún wọlé, ó sì dá a padà sínú ìdè rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni: àwọn tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá ẹjọ́ náà kò gbọ́ ti ẹnu bàbá, wọn kò sì gbọ́ ti ẹnu wáyà, iná nìkan ni wọ́n gbọ́.

Àìsàn mìíràn tún wà tí ó jẹ́ ti tòkunbọ̀ gan-an. Ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, nígbà òtútù, wọn a máa da iyọ̀ sí ojú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà a sì máa ta sí abẹ́ ọkọ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí ọkọ̀ náà bá fi máa gúnlẹ̀ sí Èkó, irin ìdí táyà ti dógùn-ún. Ìpẹtà a ti sẹ́ńsọ̀ kúrò níbi tí ó yẹ kí ó wà, tàbí kí ó ya òrùka eléyín tí sẹ́ńsọ̀ náà ń kà. Sẹ́ńsọ̀ ayé àtijọ́, tí ó jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì tí a wé wáyà mọ́ lára, kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára nígbà tí táyà bá ń yí díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ bá kù díẹ̀ kí ó dúró ni àìsàn yìí máa ń fara hàn, tí pẹ́dẹ́ẹ̀lì bíréèkì yóò máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ láìnídìí. Búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sùúrù lè wo èyí sàn láìra ohunkóhun. Nínú ọ̀pọ̀ irú sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀, mítà yóò ka iye kan láàrin nǹkan bí 800 àti 2,000 ohm bí ara rẹ̀ bá le. Ṣùgbọ́n ti ìgbàlódé kò gba irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá fi ipá wọ̀n ọ́n lè bà á jẹ́. Kí n má gbàgbé bíárìn: nínú àwọn ọkọ̀ kan, ara bíárìn ni a fi ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń kà sí, ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹni tí ó bá sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú ti fọ́ sẹ́ńsọ̀ lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé táyà ń yí geere.

Àwọn kan yóò ní ṣé síkánà kò ti wà ni? Ó wà, ó sì dára. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ihò tí a ń ki síkánà bọ̀ di dandan. Àmọ́ síkánà olówó pọ́ọ́kú tí ó kún ìgboro kì í sábà ka ju ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ, àwọn kódù tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P. Kódù tí à ń wá lórí ọ̀ràn yìí, C ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì tí ó bá fi síkánà kékeré wo ọkọ̀, tí ó ní òun kò rí nǹkan kan, kò purọ́, ibi tí irinṣẹ́ rẹ̀ mọ nìyẹn. Nígbà tí kódù bá sì jáde, ẹ jẹ́ kí a kà á bí a ti kọ ọ́. C0200 nínú Toyota ń fẹ̀sùn kan ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ táyà ọ̀tún iwájú, C0205 ń fẹ̀sùn kan ti òsì; wọn kò wí pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Láti orí eyín òrùka, dé sẹ́ńsọ̀, dé ojú ìsopọ̀, dé wáyà, dé kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú ẹ̀sùn náà.

Gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, àkókò ni ó ń gbà, ó ń gba ìmọ̀, ó sì ń gba irinṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò kéré; síbẹ̀ nígbà tí riwáyà bá lo wákàtí gbáko lórí rẹ̀, tí ó wá rí i pé wáyà kan ni ó já, oníbàárà yóò na ọwọ́ fún un pẹ̀lú owó tí kò tó ti oúnjẹ ọ̀sán, yóò ní, "Ṣebí wáyà lásán lo so?" Ẹni kan náà tí ó ń ṣe ahun yìí kò ní í janpata láti san ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá fún sẹ́ńsọ̀ tí kò nílò, nítorí pé ó gba sẹ́ńsọ̀ náà sọ́wọ́, ó rí páálí tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ni ó yẹ kí mẹkáníìkì ṣe, ẹni tí ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé? Orí ẹ̀yà ọkọ̀ ni yóò máa gbé èrè rẹ̀ lé, ìgbà tí ó bá sì jẹ́ orí ẹ̀yà ni èrè wà, gbogbo àìsàn ọkọ̀ ni yóò máa ní ẹ̀yà tí a ó rà. Àwọn baba wa mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó lọ bá babaláwo kò dúró kí ara rẹ̀ yá kí ó tó fi owó sílẹ̀. Ó ti fi owó ìbéèrè lélẹ̀ kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó kan ilẹ̀, nítorí ìdí ọ̀ràn tí babaláwo bá hú jáde ní iye tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọjà ẹbọ sì ní iye tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìlànà yìí ni mo ń bẹ̀ wá kí a gbé wọ inú ọgbà mẹkáníìkì: kí a dúnàádúrà owó àyẹ̀wò ní òun nìkan, kí a san án pẹ̀lú ọ̀yàyà, ìbáà jẹ́ wáyà ni wọ́n bá níbẹ̀ tàbí ìdérí táǹkì, kí a sì béèrè pé kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn wá lójú mítà tàbí lójú síkánà kí a tó fi ọwọ́ bọ àpò fún ẹ̀yà kankan.

Èmi kò kọ èyí láti bú àwọn mẹkáníìkì, ọmọ Ògún Lákáayé, ọ̀sìn imọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà inú wọn kọ́ iṣẹ́ lórí Peugeot 504 àti Volkswagen alábahun, láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Kàdúná àti ti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa ní 1975. Ọkọ̀ wọ̀nyẹn kò ní sẹ́ńsọ̀ nídìí táyà. Etí ni wọ́n fi ń gbọ́ àìsàn wọn, imú ni wọ́n fi ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dé ibi pé ohùn tápẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó fún wọn láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìmọ̀ náà kò di asán; ọmọkùnrin tí ó bi bàbá léèrè ọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀nà àwọn àgbà wọ̀nyẹn ni ó tọ̀, mítà nìkan ni ó fi kún un. Ohun tí ó yẹ kí NATA, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, àti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa ṣe ni pé kí wọ́n ra síkánà ńlá tí ó lè ka ABS àti VSC sí ọgbà mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa yá a lò ní owó díẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ láti fi mítà tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí wọ́n tó gba òmìnira. Owó tí ó ń lọ lórí sẹ́ńsọ̀ tí a kò nílò ní àdúgbò kan ṣoṣo lọ́dún lè tó rà á.

Ọ̀ràn kan wà tí n kò lè fi ọwọ́ rọra mú. Àwọn kan wà, nínú àwọn tí ń ta ọkọ̀ àti nínú àwọn tí ń tún un ṣe, tí ó jẹ́ pé bí iná yìí bá kọ̀ tí kò kú, wọn a tú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọn a yọ gílóòbù rẹ̀ kúrò, tàbí kí wọ́n fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ lójú, wọn a sì ta ọkọ̀ náà fún ọmọ ọlọ́mọ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n, kì í ṣe òwò. Ẹ̀tàn ni, ó sì lè mú ẹ̀mí lọ, nítorí ẹni tí ó rà á yóò gbé ìdílé rẹ̀ sínú òjò pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ABS wà, nígbà tí ABS kò sí. Àwọn ará wa tí ń gbé Bìrìtéènì mọ̀ pé nínú àyẹ̀wò MOT tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ lọ́dọọdún níbẹ̀, iná ABS tí kò kú lè mú kí ọkọ̀ kùnà, iná tí kò sì tàn rárá nígbà tí ó yẹ kí ó tàn náà kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ VIO wa, tí ń yẹ ọkọ̀ wò, gbé irú àyẹ̀wò kan náà lé ìwé ìdánilójú ọkọ̀, nítorí kò ná wọn ju kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ lọ.

Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra ọkọ̀ lè ṣe é fúnra yín. Ẹ wọ inú ọkọ̀ náà, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí àwọn iná yóò tàn, ẹ má tíì sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Iná ABS gbọ́dọ̀ tàn, ti TRAC tàbí VSC gbọ́dọ̀ tàn bí ọkọ̀ náà bá ní in, check engine gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ wá sítáàtì rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé gbogbo wọn kú láàrin ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tí ó bá tàn tí kò kú, ẹ lè fi dúnàádúrà, kí ẹ yọ owó àyẹ̀wò àti ti àtúnṣe kúrò nínú owó ọkọ̀. Èyí tí kò bá tàn rárá láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ẹni tí ó ni ín, ẹ má sanwó.